Iná Tàn, Ohùn Ò Wọlé: Bí Máíkì USB Ṣe Ń Gba Orin Sílẹ̀ Sínú Kọ̀ǹpútà

Lọ́dún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti kọ orin 43 sínú àwo fún iléeṣẹ́ Zonophone nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ní èdè Yorùbá. Kò sí máíkì níwájú rẹ̀. Ẹnu ìwo ńlá kan ni akọrin máa ń kọrin sí nígbà náà, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ló sì ń ti abẹ́rẹ́ tó ń fín orin sára ìda. Ọdún 1925 ni àwọn iléeṣẹ́ àwo orin ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi máíkì àti iná mànàmáná gba ohùn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn náà, akọrin ló ṣì ń lọ bá ẹ̀rọ níbi tí ẹ̀rọ wà: l'Ékòó, n'Íbàdàn, tàbí n'Íjẹ̀bú-Igbó, níbi tí Hárúnà Ìṣọ̀lá gbé sítúdíò Phonodisk kalẹ̀ sí, sítúdíò olówó ńlá tó lè to ohùn sí ìlà 24 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní báyìí, ẹ̀rọ ló ń wá bá akọrin nílé. Nílùú Ìlá Ọ̀ràngún, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ọ̀dọ́ tó ń ṣe bíìtì fún ẹgbẹ́ rẹ̀, adarí kuáyà tó fẹ́ kí orin Ọjọ́ Ìkórè dún lórí WhatsApp, gbogbo wọn lè fi máíkì USB kan, láptọ́ọ̀pù kan àti yàrá tó dákẹ́ díẹ̀ ṣe ohun tí bàbá wọn ní láti gun mọ́tò lọ ṣe.

Ibẹ̀ náà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ra máíkì á ti wáyà bọ ihò láptọ́ọ̀pù, iná á tàn lára máíkì, á ṣí sọ́fítíwíà FL Studio, á tẹ bọ́tìnì ìgbàsílẹ̀, á kọrin dé òpin. Nígbà tó bá padà tẹ́tí sí i, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀. Tàbí kí ohùn wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó máa dún wọ́ọ́wọ́ọ́ bíi pé inú ilé òfìfo ni wọ́n ti kọ ọ́, kó máa já gééré-géérè, kó máa pẹ́ lẹ́yìn bíìtì, tàbí kó wà ní etí òsì nìkan. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó ṣe máíkì náà. Àwọn ẹ̀rọ tó yẹ kó fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ni kò tíì fohùn ṣọ̀kan.

Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ ni pé máíkì USB ju máíkì lọ. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbọ̀n nígbà tí ohùn bá kàn án. Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń gbé iná tíntìntín tó ti ibẹ̀ wá sókè kó lè lágbára. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń sọ ohùn di nọ́ńbà: ìgbà 44,100 tàbí 48,000 ló ń wọn ohùn náà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó sì ń kọ ohun tó bá níbẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ 16-bit, ìpele 65,536 ló ní láti fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kẹrin ni apá tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ nínú wáyà. Wọn kò ṣàdédé mú iye 44,100 yẹn. Etí ọmọ èèyàn kì í sábà gbọ́ ohùn tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ wọn ohùn ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ kó tó lè tún un pè bó ṣe rí. Òun ni wọ́n fi ṣe CD nígbà tó jáde ní 1982.

Èyí já sí pé odindi káàdì ohùn ni máíkì USB. Bẹ́ẹ̀, láptọ́ọ̀pù ti ní káàdì ohùn tirẹ̀ nínú, ó sì ní máíkì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Lọ́jọ́ tí a bá ti máíkì USB bọ̀ ọ́, ó di méjì, sọ́fítíwíà kò sì mọ èyí tó yẹ kó gbọ́ àfi tí a bá sọ fún un. Ẹnubodè mẹ́rin ni ohùn akọrin ní láti gbà kọjá: wáyà, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, sọ́fítíwíà, àti ìlà tí orin máa jókòó sí. Bí ọ̀kan bá ṣì wà ní títì, ohùn kò ní dé inú ìlú. Ẹni tó bá ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìta wá sínú, kì í pẹ́ mọ ibi tó há sí. Ẹni tó bá ń tẹ gbogbo bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan náà á tún ba èyí tó ti dára tẹ́lẹ̀ jẹ́.

Wáyà ló kọ́kọ́ yẹ ní wíwò, ó sì ń tan èèyàn jẹ púpọ̀. Àwọn wáyà USB kan wà tó jẹ́ pé fún ṣíṣáájì fóònù nìkan ni wọ́n ṣe wọ́n. Okùn tó ń gbé iná wà nínú wọn, okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ kò sí. Ẹni tí wáyà tó bá máíkì wá bá bàjẹ́, tó wá yá ti fóònù lò, á rí i pé iná máíkì tàn dáadáa, kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ pé ohunkóhun dé. Kí ó fi wáyà kan náà so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù: bí fáìlì fóònù kò bá hàn lójú kọ̀ǹpútà rárá, tó jẹ́ pé ó ń ṣáájì nìkan, ó yẹ kó fura sí wáyà yẹn, kó sì fi òmíràn dán an wò. Ihò USB tún ní ìwọ̀n iná tó lè fúnni. Ti USB 2.0 jẹ́ fóòtì 5 pẹ̀lú mílíáńpù 500. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ kékeré oníhò púpọ̀ pín in fún móòsì, flash, fáànù kékeré àti máíkì, ohùn lè máa já tàbí kí máíkì máa wọlé-jáde. Ara láptọ́ọ̀pù gan-an ló yẹ kí máíkì máa mu iná.

Máíkì BM-800 tó pọ̀ lọ́jà nílẹ̀ wa nílò àlàyé tirẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń pè é ní máíkì USB. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe wá sáyé. Irú máíkì tó ń fẹ́ iná fóòtì 48 láti inú míksà tàbí ẹ̀rọ mìíràn ni. Wọ́n sábà máa ń fi káàdì ohùn USB kékeré kan tó tó ìka tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná tí ìyẹn sì ń fún un kéré púpọ̀ sí èyí tó ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi máa ń wálẹ̀, tí ariwo ṣììì sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí a bá ra ẹ̀rọ tó ń fúnni ní fóòtì 48 fún un, máíkì kan náà á yí padà lọ́wọ́ ẹni.

Ẹnubodè kejì wà nínú Windows. Láti ìgbà tí Windows 10 ti dé, áàpù gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó lè fetí sí máíkì. Nínú Settings, lábẹ́ Privacy, ibì kan wà tí wọ́n kọ Microphone sí. Àyè méjì ló wà níbẹ̀ tó yẹ ní ṣíṣí, ìkan fún áàpù tí a gbà ní ìsọ̀ Microsoft, ìkan fún àwọn sọ́fítíwíà tí a fọwọ́ ara wa gbé sórí kọ̀ǹpútà. FL Studio àti Audacity wà nínú ọ̀wọ́ kejì. Bí wọ́n bá ti èyí, sọ́fítíwíà á máa rí orúkọ máíkì kedere, ohùn tó máa gbọ́ kò ní ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Kọ̀ǹpútà Apple náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2018.

Lẹ́yìn àṣẹ, ó kan ojú ewé Sound. Níbẹ̀ ni a ti máa rí máíkì USB pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, tí ìlà aláwọ̀ ewé á sì máa gùn tó bá ti gbọ́ pátẹ́wọ́. Ìlà yẹn ni ẹ̀rí tó dájú jù. Bó bá ń mì, máíkì àti wáyà ti yege, ìṣòro tó kù wà níwájú. Bí kò bá mì, kí a má ṣí sọ́fítíwíà kankan. Ó yẹ kí a wo bọ́tìnì tó ń pa ohùn lára máíkì náà. Lára máíkì Blue Yeti, tó jáde ní 2009, iná máa ń ṣẹ́jú wìnnì-wìnnì nígbà tí wọ́n bá ti pa ohùn rẹ̀.

Nínú ewé Sound kan náà, nǹkan méjì wà tí kì í jẹ́ kí orin gbádùn. Èkíní ni àwọn ìrànwọ́ tí wọ́n ṣe fún ìpè fóònù, èyí tó ń gbìyànjú láti pa ariwo. Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ yìí láti dá mọ̀. Bó bá gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ariwo ló máa kà á sí, á sì gé e kúrò. Ó yẹ kí a pa á. Èkejì wà lábẹ́ Communications: Windows máa ń fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún dín ohùn gbogbo nǹkan mìíràn kù nígbà tó bá rò pé a ń gba ìpè. Bíìtì tó ń dún ketekete á kàn wálẹ̀ lójijì bí akọrin ṣe fẹ́ lanu. "Do nothing" ni ká tẹ̀ níbẹ̀.

Sọ́fítíwíà ni ẹnubodè kẹta, ibẹ̀ ló sì ṣòro jù. FL Studio, tí iléeṣẹ́ Image-Line ní Bẹ́ljíọ̀mù gbé jáde ní 1997 lábẹ́ orúkọ FruityLoops, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe bíìtì ní Nàìjíríà ń lò. Ọ̀nà tó ń gbà bá káàdì ohùn sọ̀rọ̀ ni ASIO, ìlànà tí iléeṣẹ́ Steinberg ti Jámánì gbé kalẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ASIO sábà máa ń bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá sì ń lo máíkì USB ní méjì: máíkì tí ohùn ń gbà wọlé, àti ihò hẹ́ẹ̀dìfóònù láptọ́ọ̀pù tí ohùn ń gbà jáde. Bó bá mú ọ̀kan, èkejì á dákẹ́. Èyí ló fà á tí àwọn kan fi máa ń sọ pé bí àwọn bá ń gbọ́ bíìtì, máíkì kò ní ṣiṣẹ́, bí máíkì bá sì ń ṣiṣẹ́, bíìtì á kú.

Ọ̀nà àbáyọ wà nínú sọ́fítíwíà náà. Lábẹ́ Options, ní Audio settings, kí a mú "FL Studio ASIO", kí a wá tẹ "Show ASIO panel". Pátákó kékeré kan á jáde tó gbà kí a yan ọ̀nà ìwọlé lọ́tọ̀ àti ọ̀nà àbájáde lọ́tọ̀. Kí a fi máíkì USB sí ìwọlé, kí a fi ohùn láptọ́ọ̀pù sí àbájáde. ASIO4ALL, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè so méjèèjì pọ̀ bákan náà. Bí máíkì bá ní ihò hẹ́ẹ̀dìfóònù lára, ó tún rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: máíkì náà ni kí a lò fún ìwọlé àti àbájáde, nítorí pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń ka àkókò nígbà náà, ohùn àti bíìtì kò sì ní máa yà kúrò lára wọn bí orin bá ṣe ń gùn.

Audacity, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ní 1999, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì rọrùn fún kuáyà àti fún ẹni tó fẹ́ gba oríkì tàbí ìwàásù sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣí i kí wọ́n tó ti máíkì bọ ihò, kò ní rí máíkì náà. Kí wọ́n tẹ "Rescan Audio Devices", tàbí kí wọ́n pa á kí wọ́n sì tún un ṣí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n mú orúkọ máíkì USB, kí wọ́n sì mú "Mono", nítorí ohùn kan ni irú máíkì bẹ́ẹ̀ ń gbé wá.

Iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn gbọ́dọ̀ bára mu níbi gbogbo. Bí máíkì bá wà ní 48,000, tí Windows wà ní 44,100, tí sọ́fítíwíà náà sì ń retí òmíràn, ohùn lè máa ta pà-pà, ó lè kọ̀ láti wọlé, ó sì lè jáde ní ohùn tó yàtọ̀ sí ti ẹni tó kọrin, bíi pé wọ́n fà á gùn tàbí pé wọ́n ń lé e. Nínú èdè tí ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ padà, ẹni tó ń gbọ́ á tètè mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é. Kí a yan ọ̀kan nínú méjèèjì, kí a sì fi sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ ìdádúró náà wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í gba ohùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Iye tó ń kó jọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń pè ní bọ́fà. Bí bọ́fà bá jẹ́ 2,048, tí a ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100, ohùn á dúró fún ìdá 46 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó kúrò níbẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, ohùn lásán nínú afẹ́fẹ́ á ti rin nǹkan bíi mítà 16. Akọrin á máa gbọ́ ara rẹ̀ bíi pé òdìkejì àgbàlá ló wà, á sì máa fa orin sẹ́yìn láìmọ̀. Bí a bá sọ ọ́ di 256, ìdádúró á wálẹ̀ sí bíi 6. Àmọ́ bí bọ́fà bá kéré jù fún láptọ́ọ̀pù tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ bíìtì di fáìlì ohùn kan ṣoṣo, wọ́n á gbé e sínú iṣẹ́ tuntun tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀, wọ́n á dín bọ́fà kù fún ìgbàsílẹ̀, wọ́n á sì gbé e sókè padà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣàtúntò. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tààrà nínú hẹ́ẹ̀dìfóònù tó wà lára máíkì kò tilẹ̀ nílò kí sọ́fítíwíà tún dá ohùn náà padà fún un. Kí ó pa ìyẹn kó má bàa máa gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹnubodè tó gbẹ̀yìn ni ìlà orin. Nínú FL Studio, kí a tẹ F9 kí Mixer jáde, kí a mú ìlà kan, kí a yan máíkì ní ibi tí wọ́n ń yan ìwọlé sí. Apá méjì ló máa ń wà nínú àkójọ yẹn: ti stereo lókè, ti mono nísàlẹ̀. Ti mono ni ká mú. Ẹni tó bá mú ti òkè lè bá ohùn ní etí kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èyí, kí a tan iná ìgbàsílẹ̀ ìlà náà, kí a tó tẹ bọ́tìnì ńlá tó wà lókè. Ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra FL Studio mọ̀ pé ẹ̀yà tó kéré jù, Fruity Edition, kì í gba ohùn sílẹ̀. Láti Producer Edition lọ sókè ni iṣẹ́ yẹn wà. Ẹ̀yà ìdánwò ọ̀fẹ́ náà á gba ohùn sílẹ̀, á sì tọ́jú iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ṣí iṣẹ́ náà padà títí wọ́n á fi sanwó. Ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ sọ orin rẹ̀ di fáìlì WAV kí ó tó pa kọ̀ǹpútà.

Bí ohùn bá ti ń wọlé, iṣẹ́ ku ìdajì. Ó ku kó wọlé dáadáa.

Ká mú ìyá àgbà kan tó jókòó síwájú máíkì láti ki oríkì agboolé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìlà inú Audacity ń ṣeré ní ìsàlẹ̀, níbi décíbẹ̀lì −30. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rò pé ó kéré, ó yí bọ́tìnì sókè. Kò pẹ́ tí ìyá dé orúkọ bàbá rẹ̀. Orí rẹ̀ wú, ó fi ohùn lé e, ìlà náà sáré kọjá ibi tí wọ́n kọ 0 sí, ó di pupa. Gbogbo ohun tó bá ti kọjá 0 ti gé lórí, kò sí irinṣẹ́ tó lè dá a padà bó ṣe wà. Nítorí náà, ibi tí ohùn ti máa ga jù ni kí a fi dán máíkì wò, kì í ṣe ibi ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n bẹ ìyá kó ki ibi tó dùn mọ́ ọn jù, kí wọ́n yí bọ́tìnì títí ìlà á fi máa dé nǹkan bíi −12, kí wọ́n wá fi ọwọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Ohùn tó rẹlẹ̀ ṣeé gbé sókè tó bá yá.

Ibi tí ẹnu wà sí máíkì ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ìbú ọwọ́ kan, láti orí àtàńpàkò dé orí ìka kékeré, tó fún akọrin kan. Bí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ohùn tó ń bọ̀ tààrà láti ẹnu á fi décíbẹ̀lì 6 dínkù, ṣùgbọ́n èyí tó ń ta lára ògiri wá kò ní dínkù. Ìyẹn ló ń fa wọ́ọ́wọ́ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni Blue Yeti ti ń gbọ́ràn, kì í ṣe orí. Ẹni tó bá ń kọrin sí orí rẹ̀ kò sí níwájú rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ tó mọ́ tí a nà mọ́ ẹnu wáyà tó ká róbótó lè gba afẹ́fẹ́ ẹnu dúró kó má baà máa lu máíkì.

Ilé wa fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sínú máíkì. Ògiri sìmẹ́ńtì àti ilẹ̀ táìlì dídán máa ń ta ohùn padà, páànù kì í jẹ́ ká gbọ́ra ẹni nígbà òjò, jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" sì lè máa kùn láti ojúlé kẹta. Yàrá tí ibùsùn wà, tí aṣọ kún kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, tí kọ́tìnì rẹ̀ sì nípọn, dára ju pálọ̀ òfìfo lọ. Kí a fi bẹ́ẹ̀dì dúró lẹ́yìn akọrin, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni máíkì ń kọjú sí. Bí ariwo kan bá ń kùn nísàlẹ̀ ohùn láìdáwọ́ dúró, kí a yọ ṣájà kúrò lára láptọ́ọ̀pù, kí a lo bátìrì nìkan. Lọ́pọ̀ ìgbà, kíkùn náà á lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣáájì láptọ́ọ̀pù nígbà tí wọ́n mú iná wá lè dúró de òru, nígbà tí ìlú bá ti parọ́rọ́, kó wá ṣiṣẹ́.

Máíkì USB ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò rọrùn láti lo méjì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan, torí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń ka àkókò tirẹ̀. Ẹgbẹ́ onídùndún pẹ̀lú akọrin kò lè gba ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú máíkì kan ṣoṣo. Ohun tí kuáyà lè ṣe ni kí wọ́n gbà á ní ipele: ìlù kọ́kọ́ wọlé, wọ́n fi hẹ́ẹ̀dìfóònù gbọ́ ọ, tírébù kọrin lé e, áltò tẹ̀ lé e, títí dé báàsì. Audacity máa ń ti ohùn tuntun sẹ́yìn kó lè bá ti àtijọ́ mu. Iye tó wà níbẹ̀ látilẹ̀wá ni −130 ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, kò sì bá gbogbo kọ̀ǹpútà mu. Kí wọ́n pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé agogo, kí wọ́n wo bó ṣe jìnnà sí agogo náà lójú ìlà, kí wọ́n sì tún iye yẹn ṣe. Ẹni tí kò ní láptọ́ọ̀pù kò gbọ́dọ̀ sọ̀rètí nù: láti Android 5.0 ni fóònù ti ń gba máíkì USB, bí orí OTG tó ń so wáyà USB mọ́ fóònù bá ti wà.

Ìlá Ọ̀ràngún, ìlú àwọn Ìgbómìnà, ní ohun tó yẹ kí a fi irú ìmọ̀ yìí gbà sílẹ̀. Ìwé tí John Pemberton àti Fúnṣọ́ Afọláyan kọ lórí oyè Ọ̀ràngún jáde ní 1996, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ìtàn ìlú náà lọ́wọ́ ìgbàgbé. Nílùú Òkukù tí kò jìnnà síbẹ̀, Karin Barber fi ọdún púpọ̀ gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin, ó gbà á sílẹ̀, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1991. Iṣẹ́ ńlá ni ìwé wọ̀nyí. Bí ọmọ Ìgbómìnà ṣe ń fa ohùn nígbà tó bá ń pe orúkọ baba rẹ̀, bí ìlù ṣe ń dáhùn nígbà ọdún Ìsinrò, bí ìyá ṣe ń mí kó tó bọ́ sí ìlà tó kàn, ìwé kò lè gbà wọ́n. Máíkì lè gbà wọ́n, ọmọ ìlú tó gbọ́ ẹ̀ka èdè náà ló sì yẹ kó dì í mú. Kí ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba ohùn rẹ̀, kí ó sì béèrè bóyá ohun tí wọ́n ń kì jẹ́ ti etí gbogbo ayé tàbí ti inú ilé nìkan. Kí orúkọ ẹni náà, agboolé rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀ wà lára fáìlì.

Fáìlì WAV ni kí a tọ́jú, kì í ṣe èyí tí WhatsApp ti fún pọ̀. Ní 44,100 àti 24-bit, ohùn mono gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 8 ní ìṣẹ́jú kan. Flash tó gba gígábáìtì 32 lè kó ju wákàtí 60 lọ. Kí ẹ̀dà kan wà lórí láptọ́ọ̀pù, kí òmíràn wà lórí flash tí kò sí nínú yàrá kan náà, kí ẹ̀kẹta sì wà lọ́wọ́ ẹni tó kọrin tàbí lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.